Awọ́nríwọ́n Méjì Tí A Kò Sè

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀, ìyàwó mi ní kí n bá òun di ilẹ̀kùn mú. Ilẹ̀kùn ilé ẹran tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ni. Nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe é, káfíńtà tó kàn án kò sì kàn án dáadáa, nítorí náà bí èèyàn bá ṣí i, fúnra rẹ̀ ni yóò padà tì. Ó fẹ́ gbé báàfù omi àwọn awọ́nríwọ́n rẹ̀ jáde kí ó lè fọ̀ ọ́. Èmi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, ife tíì wà lọ́wọ́ mi.

"Bàbá wọn, ẹ bá mi di ilẹ̀kùn yìí mú."

"Ọwọ́ mi dí."

"Kí ló dí i? Tíì?"

"Tíì àti ìròyìn."

"Ìròyìn tí wọ́n kà lánàá ni wọ́n ń kà yẹn," ni ó wí. Ó fi ìdí ti ilẹ̀kùn náà sẹ́yìn, ó fi ara há a bẹ́ẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì gbé báàfù náà jáde. Omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì wò mí. Mo gbé ohùn rédíò sókè díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìdó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Dókítà sọ ọ́ fún mi lójúkojú, mo sì gbà á gbọ́. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí ohun tí àwọn kan sọ lẹ́yìn náà, tí mo ṣì máa mẹ́nu bà.

Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń sọ pé n óò kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹni tó bá sì ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ní ọjọ́ orí mi kò ní ọgbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọdún mẹ́fà gbáko ni ìyàwó mi fi sin awọ́nríwọ́n, alángbá ńlá etí odò yẹn, nínú ilé wa ní Ìtàjí. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà náà, n kò fi ẹsẹ̀ kan inú ilé wọn rí. Ẹ̀rù wọn ń bà mí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀.

Ojú ọ̀nà tó ti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ máa ń gbé e kọ́ sórí igi létí ọ̀nà níbẹ̀: ọ̀yà, òkété, nígbà mìíràn àgbọ̀nrín kékeré. Lọ́jọ́ yẹn, awọ́nríwọ́n kan wà láàrin wọn, ó ṣì wà láàyè. Wọ́n ti ká ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n dì í, wọ́n sì fi okùn we ẹnu rẹ̀. Tàkúté ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ìyàwó mi ní kí n dúró.

"Màmá, ẹ gbé e," ni ọkùnrin tó ń tà á wí. "Ẹ wo ìdí ìrù rẹ̀ bó ṣe kún. Tí ẹ bá fi ata gígún sè é, ọkọ yín ò ní í jáde lálẹ́ mọ́."

"Ọkọ mi kì í jáde lálẹ́ tẹ́lẹ̀. Tú ẹnu rẹ̀."

"Ẹ má bínú, màmá. Tí mo bá tú u, ọmọ ìka tèmi ni yóò fi dí èyí tó sọnù."

A gbé e sínú búùtù. Mo rò pé ọbẹ̀ ni. Nígbà tí a délé, ó fi àlùmọ́gàjí tú okùn rẹ̀, ó sì dà á sínú ilé tí a ń kó adìẹ sí tẹ́lẹ̀, tí ó ti ṣófo. Ó so òwú mọ́ orí igi, ó fi í pa oògùn sí i lẹ́sẹ̀ láti òkèèrè. Mo bi í ìgbà tí a óò jẹ ẹ́. Ó ní, "Ẹran tí gbogbo ayé rí ṣe ọbẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan rí i ṣe nǹkan mìíràn."

Báọ́lọ́jì ni ó kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Ìkọ̀lé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Jọ́gíráfì ni èmi kọ́ wọn, ní ilé ìwé kan náà, ibẹ̀ ni a ti pàdé. Ó máa ń sọ pé àwọn ọmọ tí òun kọ́ mọ àwòrán ẹran afàyàfà inú ìwé, ṣùgbọ́n ẹran tó ń rìn lẹ́bàá odò baba wọn, inú ìkòkò nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn àgbẹ̀ bá awọ́nríwọ́n kékeré kan nínú kànga gbígbẹ. Wọn kò pa á. Wọ́n gbé e wá sí ilé wa nínú garawa, wọ́n ní àwọn ń wá ìyá awọ́nríwọ́n. Báyìí ni wọ́n ṣe di méjì: èyí àgbà tí kò ní ọmọ ìka kan, àti èyí kékeré tí kò kéré mọ́ nígbà tí ọdún mẹ́fà yóò fi pé.

Ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé wọn débi ìbàdí, ó fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo òkè, ó da iyanrìn sí i, ó gbé ìtì igi kan sí àárín. Ó ní kí ojú ilé náà kọ sí ìlà oòrùn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n n kò fi etí sí i nígbà náà. Akàn odò, ìgbín tí ó ti fọ́ ìkarahun rẹ̀, ìfun adìẹ, ìrẹ̀, àti ẹyin tó ti sán ni ó ń fún wọn jẹ. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Ní ìgbà ooru, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni. Tó bá tó àkókò, yóò fi ṣíbí lu etí abọ́ tánganran lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn méjèèjì yóò sì gbé orí sókè, wọn yóò máa yọ ahọ́n wọn tó là sí méjì. "Ahọ́n yẹn ni imú wọn," ni ó máa ń wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó bá wá láti Ọ̀yẹ́ wò wọ́n. "Ó ti mọ ẹ̀yin tí ẹ wẹ̀ lónìí àti ẹ̀yin tí ẹ ò wẹ̀."

Gbogbo ìlú ló ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni, ẹran odò kì í gbélé. Àwọn mìíràn ní olè adìẹ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì rí ìyẹ́ adìẹ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀. Alàgbà kan nínú ìjọ wa wá bá a, ó ní ejò ni ìbátan ẹran yìí, kò yẹ ilé Kristẹni. Ó dá a lóhùn pé, "Alàgbà, ìbátan rẹ̀ ni adìẹ náà, ẹ sì jẹ ẹ́ ní Kérésì." Ọkùnrin náà kò padà wá mọ́.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tún jí. Wọ́n ní àwọn ẹran náà ló mú un. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí, mo ní kí ó lọ sí Ìdó lọ bi dókítà, kí ó sì padà wá sọ ohun tó gbọ́ fún mi. Kò lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní Ìkọ̀lé, ló wá dúró tì mí. Àwọn ọmọ wa wá láti Ìbàdàn àti láti òkè òkun, wọ́n ṣe ohun tó yẹ, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ẹni tó lé ní ọgọ́rin ọdún ni, ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò dáná fún mi. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìsìnkú ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò mi, èèyàn á kún ulé yìí. Àwọn ẹran yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀ ní àwọn lè bá wa sè wọ́n fi mu ẹmu. Wọn ò ní í dààmú ẹnikẹ́ni."

"A ò ní í sè wọ́n."

"Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ṣé alángbá lo fẹ́ fi ṣe aya báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ò ní í sè wọ́n."

Bí a ti ń sọ ọ́ lọ nìyẹn fún ọjọ́ mẹ́ta. Níkẹyìn ó ní, ó dáa, bí a kò bá ní í sè wọ́n, ó kéré tán kí a bò wọ́n, kí àwọn àna wa má baà dé kí wọ́n máa wo ẹran aláhọ́n méjì ní ọjọ́ tí a ń sin ọmọ wọn. Ojú tì mí. N kò mọ ohun tó tì mí lójú, àmọ́ ó tì mí. Mo ní kí wọ́n gbé páànù méjì bo ilé náà látòkè dé iwájú, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ihò kékeré kan ni wọ́n fi sílẹ̀ lápá kan. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, ohun kan ṣoṣo tí mo gbà fún wọn nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lóńjẹ. Mo dúró sẹ́yìn páànù, mo fi ṣíbí lu abọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì yí ẹyin gba inú ihò náà. Lọ́jọ́ kejì, mo bá ẹyin náà níbi tí mo yí i sí, eèrà ti bò ó. Mo gbìyànjú ìgbín. Mo gbìyànjú ìfun adìẹ, ó rà, ó sì ń rùn. Mo tẹ̀ ba, mo fi iná fóònù wò wọ́n. Àwọn méjèèjì ká jọ sí igun, wọ́n tutù bí òkúta, ojú èyí àgbà dé. Ìdí ìrù rẹ̀ tí ọkùnrin ojú ọ̀nà yẹn yìn ti rù, egungun ti ń yọ.

Ẹ̀gbọ́n mi náà wò ó. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹran tí kò jẹun, o mọ ibi tó ń lọ. Tí o bá fẹ́ràn wọn, má jẹ́ kí ebi pa wọ́n kú. Ẹni tó bá fi idà pa wọ́n ṣàánú wọn jù ọ́ lọ."

Òótọ́ ni. Mo sọ fún un pé tí wọn kò bá tíì jẹun ní ọjọ́ ọjà Ìkọ̀lé tó ń bọ̀, kí ó kó wọn lọ, n kò ní í dá a dúró. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ó wá àpò kan, ó fi okùn sínú rẹ̀, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ bu omi mu, mo máa ń rí i.

Mo ronú. Ẹni tó ti kàwé tó tèmi máa ń rò pé bí òun bá jókòó ronú, òun yóò rí ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí ìyàwó mi ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo rántí, pé ahọ́n wọn ni imú wọn. Mo wá rántí aṣọ rẹ̀. Ó ní ìró àdìrẹ kan tó ti ṣá, tó ti ya nídìí, òun nìkan ni ó máa ń ró tó bá ń wọlé tọ̀ wọ́n. Mo ní, àṣírí tú. Òórùn rẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Wọn kò ní í jẹun lọ́wọ́ àlejò.

Ṣùgbọ́n aṣọ náà kò sí nílé. Ní ilẹ̀ wa, àwọn ẹbí ìyàwó ló ń pín ẹrù ọmọ wọn tó kú. Wọ́n wá ní ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú, wọ́n tú àpótí, wọ́n pín gbogbo rẹ̀ láàrin ara wọn, ọkọ kì í sì í dá sí i. Mo ti jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa dúrọ́ọ̀ yọ. Ìró àdìrẹ náà bá wọn lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Mo gun ọ̀kadà lọ. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, eruku bo ojú ọ̀nà, mo dé ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń to iṣu sínú abà ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ó dìde nígbà tó rí mi, ó sì dààmú.

"Àna wa, ṣé kò sí?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ kan ni mo bá wá."

"Aṣọ? Èwo nínú wọn? Léèsì yẹn? Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fi léèsì yẹn sílẹ̀ fún ọmọbìnrin yín."

"Kì í ṣe léèsì. Ìró àdìrẹ tó ya nídìí ni."

Ó wò mí títí. "Àna, aṣọ oko lẹ gun ọ̀kadà láti Ìtàjí wá gbà?"

Mo ṣàlàyé fún un, gbogbo rẹ̀, ahọ́n, imú, òórùn. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé, mo gbọ́ bí ó ṣe ń dún lẹ́nu mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó gbé aṣọ náà jáde, ó ti ká a dáadáa. Ó ní, "Ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n a ti fọ̀ ọ́. A fọ gbogbo aṣọ rẹ̀ kí a tó pín wọn, bí a ti máa ń ṣe nìyẹn. Ó wà nínú káńfọ̀ láti ọjọ́ yẹn." Ó fún mi níṣu mẹ́ta, ó dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Kí n tó lọ, ó tún ní, "Ó ti ń sọ fún mi láti ọmọdé pé òun máa sin ẹran burúkú kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ yín."

Mo ró aṣọ náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí, kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ti jẹ ọ̀gá ilé ìwé rí, mo ró ìró ìyàwó mi lé ṣòkòtò mi, mo dúró sẹ́yìn páànù, mo ń lu abọ́. Káńfọ̀ ń rùn lára mi. Kò sí ohun tó mira nínú ilé náà.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ilé ìdáná, ó rí mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kí n yí padà kí òun rí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo yí padà. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó fi etí gèlè nu ojú, mo sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín ni ó ń nù mọ́. Ó ní, "Bó ṣe máa ń dúró gan-an nìyẹn." Kò mú àpò rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣá o.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, ọkùnrin tó ń gbé ẹyin wá láti Igbole dé. Ó ní pọ́tírì níbẹ̀, Mùsùlùmí ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Láti ọdún mẹ́rin ni ó ti ń kó ẹyin tó bá sán fún ìyàwó mi. Ó ti wá kí mi kú ọ̀fọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé ẹyin lọ́wọ́ bí ó ti máa ń ṣe, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Bàbá, ta ló gbé páànù bo ibí?"

"Èmi ni. Nítorí ìsìnkú."

"Láti ọjọ́ ìsìnkú?"

"Láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀."

Ó gbé ẹyin náà kalẹ̀. "Ṣé wọ́n ń jẹun?"

"Wọn ò jẹun."

"Wọn ò lè jẹun. Màmá kì í jẹ́ kí n fún wọn ní nǹkan kan tí oòrùn ò bá tíì wọ̀ wọ́n lára. Tí mo bá tètè dé láàárọ̀, a jókòó síbí, a ó máa sọ̀rọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn tutù, oòrùn ni iná tí wọ́n fi ń dáná nínú ara wọn. Bàbá, ọyẹ́ rèé, ẹ sì ti pa iná wọn."

Ogójì ọdún dín díẹ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Mo ti ya oòrùn sára pátákó, mo ti ya ilé ayé, mo ti ṣàlàyé ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá àti ìdí tí òwúrọ̀ rẹ̀ fi ń tutù. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ìdí tí ìyàwó mi fi kọ ojú ilé yẹn sí ìlà oòrùn. Ó ní kí n bá òun wo ìlà oòrùn gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ, èmi ni mo nàka sí i. Mo sì gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lọ wá aṣọ. Aṣọ kọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Ohun tó ń pa wọ́n ni ohun kan ṣoṣo tí mo gbà fún àwọn èèyàn nítorí ìtìjú.

Ọkùnrin náà ní òun lè bá mi wọlé lọ wò wọ́n. Mo ní kí ó ṣeun, kí ó kàn bá mi gbé páànù. A ká búlọ́ọ̀kù kúrò, a gbé páànù méjèèjì, a sọ wọ́n sẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó béèrè ohun tí a ń ṣe.

"A ń ṣí wọn," ni mo wí.

"Kí àwọn aráyé wá máa wò wọ́n?"

"Kí wọ́n wá. Kí wọ́n mú àga dání."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Ọkùnrin ẹlẹ́yin náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní àkókò ìrun Àsárì ti ń sún mọ́, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Oòrùn ọjọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́ àfi kí a dúró de ti ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ ọjà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ó gbé àpò náà wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní òun kò ní í pẹ́ dúró, nítorí ọkọ̀ kì í pẹ́ kún ní ọjọ́ ọjà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó di aago mẹ́wàá." Ó fa àga kan, ó jókòó. Èmi náà fa tèmi. Ọyẹ́ kọ́kọ́ bo oòrùn, ó pupa bí ìyeyè, kò sì mú. Aago mẹ́jọ kọjá. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá lójú títì, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, kò dìde. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìmọ́lẹ̀ dé orí ìtì igi àárín. Èyí kékeré ló kọ́kọ́ wọ́ jáde, ó lẹ ara mọ́ igi náà pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n sá. Èyí àgbà pẹ́. Nígbà tó dé, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gé sínú oòrùn ṣáájú, ó sì dá dúró.

Ọkọ̀ kejì kọjá.

Mo fi ṣíbí lu abọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wọ aṣọ ara mi, kò sí káńfọ̀. Mo yí ẹyin kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Èyí àgbà gbé orí sókè. Ahọ́n náà yọ, ó wọlé, ó tún yọ. Ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé ìdí ẹyin náà, ó fi imú tì í, ó yí i. Mo gbọ́ mímí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹran náà la ẹnu, ó gbé ẹyin náà lódindi, ó na ọrùn sókè, a sì rí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, títí a fi gbọ́ tí ó fọ́ nínú.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó tú okùn kúrò nínú àpò, ó ká àpò náà sábẹ́ apá.

"Ẹ ò ní í fi àpò náà sílẹ̀?" ni mo bi í.

"Kí n fi sílẹ̀ kẹ̀? Màá fi kó ẹ̀wà bọ̀. Ọjà ni mo ń lọ." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Wọ́n burẹ́wà o. Kí n má purọ́ fún ọ."

"Wọ́n burẹ́wà," ni mo wí.

Nígbà tó lọ tán, mo fún wọn ní ẹyin tó kù, èyí kékeré jẹ méjì. Mo ti fẹ́ wọlé lọ jókòó ti rédíò nígbà tí mo rí báàfù omi náà. Omi inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ewé gbígbẹ àti iyanrìn ti kún ìdí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Kò sí ẹni tí mo lè pè. Mo ká ṣòkòtò mi dé orúnkún. Mo ṣí ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fẹ́ padà tì bí ó ti máa ń ṣe. Mo fi ìdí tì í sẹ́yìn, mo fi ara há a. Èyí àgbà mí sí mi láti orí ìtì igi, ó dún bí táyà tó ń jò, ó ká ìrù rẹ̀ bí ẹni tó mú pàṣán dání. Mo sọ fún un pé ojú ẹ̀rù ni mo fi ń wò ó láti ọdún mẹ́fà, kò sì sí ohun tuntun nínú ìyẹn. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gbé báàfù náà. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ. Omi dà sí mi lẹ́sẹ̀, ó tutù. Mo gbé e jáde, mo fi iyanrìn àti kànìnkànìn ha ìdí rẹ̀ títí ó fi funfun, mo pọn omi láti kànga, mo fi kún un. Mo tún fi ìdí ti ilẹ̀kùn náà, mo gbé e padà síbi tí ìyàwó mi máa ń gbé e sí.